Fóònù olójú gbàgàdà tí owó ẹ̀ ò wọ́n: ṣé ó yẹ ìyá mi tó ń ta àdìrẹ?

Àkànbí Ìtọ́kú
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó kówó fún ẹnikẹ́ni.

Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Fóònù tí wọ́n ń lò, ojú ẹ̀ ò ju ínṣì 5 lọ, ó sì ti là nígun kan. Bí alert bá wọlé, wọ́n á na apá síwájú, wọ́n á fojú pọ̀, wọ́n á wá pe ọmọ tó ń bá wọn tajà: "Wá bá mi wò ó, ṣé òdo mẹ́ta ló wà níbẹ̀ àbí mẹ́rin?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ yẹn ò sí nítòsí. Ẹnì kan san ₦1,500, ó gbé aṣọ ₦15,000 lọ. Alẹ́ la tó mọ̀.

₦180,000 ni mo ní. Ohun tí wọ́n ń fi fóònù ṣe ò pọ̀: wọ́n á ya fọ́tò aṣọ, wọ́n á fi sórí WhatsApp, wọ́n á gbowó, wọ́n á pe oníbàárà, wọ́n á wo ìwàásù lórí YouTube lálẹ́ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Èyí tí mo ń wò ni Redmi 14C: ínṣì 6.88, bátìrì 5160 mAh, kámẹ́rà 50MP. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n ní sùúrù, pé òun á fi tòkunbọ̀ tó lórúkọ ránṣẹ́. Kí lẹ rí sí i?


Ọmọ Ẹ̀gbá Tòótọ́
Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Ínṣì 6.88 kẹ̀? Ṣé fóònù lẹ fẹ́ rà ni àbí wàláà iléèwé kéú? Ẹ kọ́kọ́ lọ wọn apò ìdí Màmá wò o.


Àkànbí Ìtọ́kú
Ọjọ́ Àìkú, 9:03 alẹ́

Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn, apò ìdí yẹn ni báǹkì wọn.


Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣíìpù
Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ ínṣì yìí palẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wa.

Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọn ojú fóònù. Fóònù ínṣì 5 àtijọ́ bíi ti Màmá, ìbú ojú ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6.2, òró ẹ̀ jẹ́ 11. Èyí tí ẹ dárúkọ yẹn, ìbú ojú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 7, òró ẹ̀ jẹ́ 16. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gùn sí i, ṣùgbọ́n èyí tó fi fẹ̀ sí i ò pé ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ìbú ni ọ̀rọ̀ ń bá lọ nígbà téèyàn bá ń kàwé, kì í ṣe òró. Bí ẹ bá yọ ọ́ nínú páálí, tí ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́ báyẹn, lẹ́tà alert yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n á tún na apá.

Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Display, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń mú lẹ́tà tóbi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí òró yẹn wá wúlò fún ni pé lẹ́tà lè tóbi bíi ti ìwé ABD, kí ìlà tó pọ̀ díẹ̀ ṣì hàn lójú kan. Lórí fóònù kékeré, bí ẹ bá mú lẹ́tà tóbi báyẹn, tí kíbọ́ọ̀dù tún gbéra nílẹ̀, bóyá ni ìlà méjì á kù tẹ́ ẹ máa rí.

Àwọn kan á wá máa sọ fún yín pé 720 x 1640, ìyẹn iye àmì kéékèèké (pixel) tó wà ní ìbú àti òró ojú ẹ̀, ti kéré jù fún ojú tó tóbi tó yẹn. Òótọ́ ni pé kò mọ́lẹ̀ kedere tó èyí tó wọ́n. Àmì kéékèèké bíi 260 ló wà nínú ínṣì kan, nígbà tí ti àwọn olówó ńlá ń lọ sí 400. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí òdo lójú alert, kí ló fẹ́ fi àmì kéékèèké ṣe? Àmì tí kò pọ̀ tiẹ̀ ń dẹrù kúrò lọ́rùn bátìrì àti ṣíìpù. Ṣíìpù Helio G81-Ultra tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ẹṣin eré ìje. Ẹ jẹ́ ó gbé ẹrù tó mọ.


Jíde Onífóònù
Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Bọ̀ọ̀dá Àkànbí, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo ń tún fóònù ṣe n'Íbàdàn, ó ti di ọdún kọkànlá. Èmi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ má rà á. Ohun tó ń dé iwájú tábìlì mi ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ RAM lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn ibi tí fóònù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ẹ máa dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin ibẹ̀ á ní "Ọ̀gá mi, 8GB ni." Ẹ ní kó fi ẹ̀yìn páálí hàn yín. Ẹ lè bá a níbẹ̀ pé 4GB ni, pẹ̀lú 4GB mìíràn tí wọ́n yá lára ibi ìpamọ́. Aṣọ àyáwọ̀ ni. Ibi ìpamọ́ àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú ò yára tó RAM gidi rárá, nítorí náà bí Màmá bá ṣí WhatsApp, tí wọ́n bọ́ sí áàpù báǹkì, tí wọ́n tún padà sí WhatsApp, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bíi pé wọn ò débẹ̀ rí. Bí owó yín bá ká 6GB gidi, ẹ fi kún un. Bí kò bá ká a, 4GB náà á ṣiṣẹ́, ẹ má sáà kó áàpù ogún sí i.

Èkejì, gíláàsì. Bí ojú fóònù bá ṣe tóbi tó ni ó ṣe ń rọrùn fún un láti là bó bá fi igun balẹ̀. Oníbàárà mi kan gbé fóònù ńlá kan wá lọ́dún tó kọjá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tuntun ṣì ni. Mo yí gbogbo ọjà po, ojú ẹ̀ ò sí. Oṣù méjì ló fi wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ rìn lọ bá àwọn tó ń ta ojú fóònù, ẹ béèrè iye tí tirẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ní "Á á, ìyẹn ò tíì wọlé," ẹ yáa padà sẹ́yìn.

Ìkẹta, ẹ tẹ *#06# níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde (IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) wé ti ara páálí. Kò gba ìṣẹ́jú kan.


Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó
Ọjọ́ Ajé, 1:35 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Olùkọ́ ni mí, mo ti pé 54, fóònù ńlá ni mo ń lò láti ọdún kẹta báyìí. Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ àti ojú.

Lákọ̀ọ́kọ́, Àkànbí ọmọ mi, ṣé Màmá ní jígí ìkàwé?

Èkejì, ẹ má fa lẹ́tà dé òpin. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ níjọ́ kìíní, inú mi dùn, àfìgbà tí mo fẹ́ fowó ránṣẹ́. Lẹ́tà ti tóbi débi pé ó ti bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kẹ́yìn wọ ìsàlẹ̀ lọ, mi ò rí i. Mo rò pé áàpù ló bàjẹ́. Ọmọ mi ló wá dá a padà ní ẹsẹ̀ kan, bọ́tìnì yọjú. Ẹ dúró síbi tó kù díẹ̀ kó dópin.

Ìkẹta ni ìwúwo. Èyí tí mo ń lò lé ní 200 gíráàmù, ká má tíì ka pọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Lọ́sàn-án, kò burú. Lálẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí oorun bá kùn mí tí ọwọ́ dẹ̀, imú mi ló ń já lù. Ẹ ní Màmá ń fi ìwàásù sùn. Ẹ bá wọn wá igi kékeré tí wọ́n ń gbé fóònù lé, owó ẹ̀ ò tó nǹkan.


Àkànbí Ìtọ́kú
Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Ẹ ṣé mà. Wọ́n ní jígí. Inú páálí ẹ̀ ló wà látọdún 2022. Wọ́n ní bí àwọn bá lò ó lọ́jà, àwọn oníbàárà á rò pé àwọn ti darúgbó, wọ́n á máa ná aṣọ bí ẹni ń ná tọmọdé.


Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó
Ọjọ́ Ajé, 2:14 ọ̀sán

Á á! Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi rèé.


Ṣadé Peckham
Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, torí èmi náà ti ṣe irú ẹ̀, mo sì kábàámọ̀.

Mo ra àlòkù olórúkọ ńlá kan fún Bàbá mi ní 2021, mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ó dé, wọ́n ki káàdì SIM sí i, ó ní òun ò gba nẹ́tíwọ̀kì mìíràn àfi ti ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tà á níbí. Oṣù kejìlá ọdún 2021 ni Ofcom, àjọ tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de títa fóònù títì pa fáwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì. Nítorí náà, èyí tó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, àyàfi kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A rí ẹni bá wa ṣí i ṣá o. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bátìrì ẹ̀ wá di ti ọ̀lẹ, kì í rí ọ̀sán.

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ olórúkọ á dáa ju ti tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, mi ò ní purọ́. Ojú ẹ̀ náà á mọ́lẹ̀ lóòrùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jábọ́ ní Ìtọ́kú, owó ojú ẹ̀ nìkan lè ra tuntun tí bọ̀ọ̀dá ń sọ yìí. Ta ló máa san án? Ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù náà ni.


Ọmọ Ẹ̀gbá Tòótọ́
Ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù, ẹ yáa kó pọ́ùn wálẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi ra 6GB tí Jíde wí.

Ìbéèrè mi kan rèé: ojú ńlá báyìí, ṣé kò ní máa jẹ dátà? Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ti fọwọ́ sí àfikún tó tó 50% sórí owó ìpè àti dátà ní oṣù kìíní 2025, mo ti ń ka megabyte bí ẹni ń ka owó èsúsú.


Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣíìpù
Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ojú kì í jẹ dátà, fídíò ló ń jẹ ẹ́. Bí àmì ojú fóònù bá jẹ́ 720, kò sídìí tí YouTube fi ní láti gbé 1080 wá. Ẹ fi ìwàásù Màmá sí 480p. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan náà ni wọ́n máa rí. Ẹ tún wọ WhatsApp, ẹ pa gbígba fọ́tò àti fídíò fúnra ẹ̀, àgàgà bí wọ́n bá wà nínú ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ ẹbí. Fídíò "ẹ kú ọjọ́ tuntun" àràárọ̀ ló ń kún fóònù àwọn ìyá wa, kì í ṣe fọ́tò aṣọ.

Ní ti iná: 5160 mAh dáa. Ojú fóònù ni ọ̀jẹun àgbà nínú fóònù, bó bá sì ti ń tóbi ni ìjẹun ẹ̀ ń pọ̀. Nítorí náà ẹ má fi bátìrì ńlá fóònù ńlá wé bátìrì ńlá fóònù kékeré. Ẹni tó ń ya fọ́tò, tó ń pe ìpè, tó ń wo Status, á lò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí NEPA ò bá wá mú iná wá lóru ọjọ́ yẹn, páwà báǹkì.

Nǹkan kan tí wọn kì í sọ ní ṣọ́ọ̀bù: ọ̀pọ̀ fóònù Android tí owó ẹ̀ ò wọ́n máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí bátìrì lè pẹ́. Oníbàárà á pe Màmá lórí WhatsApp, fóònù ò ní dún. Alert báǹkì á wọlé lẹ́yìn wákàtí kan, oníbàárà ti dé Lafẹ́nwá. Ẹ wọ ibi ètò bátìrì, ẹ wá WhatsApp àti áàpù báǹkì, kẹ́ ẹ ní kó má ká wọn lọ́wọ́ kò. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn.


Àkànbí Ìtọ́kú
Ọjọ́bọ̀, 7:50 alẹ́

Mo ti dé o. Èmi àti Màmá la jọ lọ lónìí. Fóònù mẹ́ta la yẹ̀ wò, gbogbo wọn ló lé ní ínṣì 6.6. Òótọ́ ni ti "8GB" yẹn, Jíde! Gbólóhùn kan náà tẹ́ ẹ kọ ni ọmọkùnrin yẹn sọ, tó fi dórí "Ọ̀gá mi." Mo yí páálí padà, ó rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò lérò ni bí Màmá ṣe yẹ fóònù wò. Wọn ò bi í léèrè RAM. Wọ́n gbé àkọ́kọ́ lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sókè-sódò bí ẹni ń wọn iṣu, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n mú èkejì, wọ́n jáde sínú oòrùn gangan, wọ́n ní kí n fi owó ránṣẹ́ sí àwọn. Mo fi ₦100 ránṣẹ́. Wọn ò rí i nínú oòrùn. Ọmọkùnrin yẹn sáré wá, ó fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dé òkè, wọ́n bo ojú ẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú gèlè, wọ́n rí i. "Ọgọ́rùn-ún náírà! Ahun." Oníṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá di àtàǹpàkò mú ẹ̀gbẹ́ fóònù, wọ́n fẹ́ tẹ igun òkè lódìkejì. Kò dé e. Wọ́n ní: "Ọwọ́ méjì ni fóònù yìí ń fẹ́. Bí mo bá ń fi ọwọ́ kan na aṣọ fún oníbàárà, ta ló máa bá mi di èkejì mú?"

A fi lẹ́tà sí ẹsẹ̀ tí Ìyá Ìbejì sọ. Apá ò gùn síwájú mọ́ nígbà tí wọ́n ń kà á. Ibẹ̀ ni mo ti sanwó. Mi ò ní sọ èyí tí a rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ìpolówó ni mo ń ṣe. 6GB gidi ni, ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ló fi ₦30,000 kún un.


Jíde Onífóònù
Ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́

Ẹ kú oríire o. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ kan lò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ètò tí ń fa gbogbo ojú wá sísàlẹ̀. Ẹ wá a nínú Settings. Kẹ́ ẹ sì fi gíláàsì bò ó lálẹ́ òní, ẹ má sùn lé e.


Àkànbí Ìtọ́kú
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìròyìn rèé.

Alert: ó parí síbẹ̀. Ọmọ tó ń bá wọn tajà ti ń ráhùn pé wọn ò pe òun mọ́.

Ìka ọwọ́: wàhálà. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ àwọn aláró, omi aró á wà lọ́wọ́ wọn, fóònù ò ní mọ ìka tí wọ́n fi ń ṣí i, bí wọ́n bá sì tẹ ojú ẹ̀, á máa bọ́ sí ibi tí wọn ò pè é.

Fọ́tò: èyí ló ká mi lára. Oníbàárà kan l'Ékòó dá aṣọ padà, ó ní aró tóun rí lórí WhatsApp kọ́ nìyí. Mo wò ó, òótọ́ ni. Nínú fọ́tò, aṣọ yẹn rí bí eérú. Lójúkojú, ó dú bí òru. Kámẹ́rà 50MP ni o!


Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣíìpù
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 alẹ́

MP ò mọ àwọ̀. Ó ń ka àmì ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kámẹ́rà fóònù máa ń gbìyànjú láti mọ irú iná tó wà níbẹ̀, kó lè tún àwọ̀ ṣe. Bí ẹ bá wá fi aró kún gbogbo ojú fọ́tò, kò rí nǹkan funfun kankan tó máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Á ní "Á à, iná ibí yìí mà ti ní àwọ̀ búlúù jù," á da yẹ́lò lé e, aró á di eérú. Fóònù olówó ńlá náà ń ṣe é, àmọ́ tiwọn ń tètè gbọ́n. Gílóòbù funfun inú ṣọ́ọ̀bù tún ń bá a dá kún un.

Ẹ ní kí Màmá gbé aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe inú oòrùn, lábẹ́ òjìji. Kí wọ́n fi bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kámẹ́rà á rí funfun, orí ẹ̀ á pé. Wọ́n lè gé bébà kúrò lẹ́yìn náà.


Jíde Onífóònù
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:22 alẹ́

Ní ti ìka: ojú fóònù ò fẹ́ràn omi, ti gbogbo wọn ni. Ẹ fi àtàǹpàkò kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó mọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ aláró dé tí wọ́n ti nù ún. Bó bá ṣì kọ̀, nọ́ńbà àṣírí (PIN) ni kí wọ́n máa fi ṣí i.


Àkànbí Ìtọ́kú
Ọjọ́ Ajé, 12:40 ọ̀sán

Bébà yẹn ṣiṣẹ́! Mo fi fọ́tò ti àná wé aṣọ, ó sún mọ́ ọn gan-an. Màmá ò lo bébà ṣá o, ìborùn funfun wọn ni wọ́n ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan ti ń béèrè iye ìborùn.


Ọmọ Ẹ̀gbá Tòótọ́
Ọjọ́ Ajé, 12:58 ọ̀sán

Kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè mi látọjọ́ yìí. Apò ìdí ńkọ́?


Àkànbí Ìtọ́kú
Ọjọ́ Ajé, 1:06 ọ̀sán

Kò wọ̀ ọ́. Ìdajì ń yọ síta bí orí ìjàpá. Wọ́n ti fi àjákù àdìrẹ ẹlẹ́kọ rán òmíràn tó gùn jù ú lọ. Ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì rí i, ó ní òun náà fẹ́. Wọ́n ti ta mẹ́fà láti Ọjọ́rú, ₦2,500 lẹ́yọ kan.